Mọ́tò Méjì, Nọ́ńbà Kan

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò tíì kú, kò sì sá kúrò nílùú. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń gbé Bendigo, ìlú kan tí kò jìnnà sí Melbourne. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ fún yín. Ó ní kí n má bo nǹkan kan mọ́lẹ̀, pé bí mo bá fẹ́ pe òun ní òmùgọ̀, kí n pè é ketekete kí gbogbo èèyàn gbọ́.

Mo ti gbà. Òmùgọ̀ náà ń jẹ́ Garth Trezise.

Bí ẹ bá ní mọ́tò Brolga Òkè, tàbí tí ẹ rò pé ẹ ní in, ọwọ́ Garth lẹ máa bọ́ sí. Brolga lásán, mọ́tò bàbá oníbàbá ni, gbogbo èèyàn ló ti fi gbé ọmọ lọ síléèwé rí. Òkè yàtọ̀. Ìwọ̀nba ni ilé iṣẹ́ Brolga ṣe láyé ọjọ́un, nítorí eré ìje orí òkè ní Bathurst. Tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá bú, ọmọ inú oyún á jí. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé tipẹ́. Àwọn Òkè tó ṣẹ́ kù kò tó nǹkan, àmọ́ àwọn tó ń pe tiwọn ní Òkè pọ̀ bí eṣú. Èèyàn á ra Brolga lásán, á kùn ún ní àwọ̀ ọsàn, á lẹ àmì mọ́ ọn níwájú, á wá máa na ọrùn bí ọba.

Iṣẹ́ Garth ni láti tú irú wọn fó. Kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí èrò pé lé òun lórí lohun tó ń fẹ́. Á wọ abẹ́ mọ́tò, á pẹ́ níbẹ̀, á jáde, á rọra nu ọwọ́, á wá wo ẹni tó ni mọ́tò lójú.

"Ọ̀rẹ́, èyí kì í ṣe Òkè. Òkìtì ni."

Gbogbo èèyàn á bú sẹ́rìn-ín, àfi ẹni tó ni mọ́tò.

Ó ṣe é fún dókítà eyín kan débi pé dókítà náà ta mọ́tò, ó sì fi owó rẹ̀ ra ọkọ̀ ojú omi. Ó ṣe é fún Vince Scaturro, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, níwájú ìyàwó Vince, níwájú ìyá Vince tó wọkọ̀ wá láti Mildura torí ọjọ́ náà. Vince kò bá a jà. Ó kàn sọ pé, "Garth, ẹnu rẹ yìí, mo fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá yíjú padà tó bù ọ́ jẹ."

Ọ̀nà tí Garth fi ń mọ ojúlówó kò ṣòro. Ibi méjì ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà mọ́tò kọ̀ọ̀kan sí. Àkọ́kọ́ ni pátákó irin kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Èèyàn lè yọ ìyẹn, olè sì lè jí i. Èkejì, wọ́n fi òòlù lù ú wọnú irin ara mọ́tò gan-an. Lọ́dún tí wọ́n ṣe Òkè, irin tí wọ́n fi ń lu nọ́ńbà èje ti kán nísàlẹ̀, wọn ò sì pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà gbogbo èje tó wà lára Òkè gidi ló gé lẹ́sẹ̀. Èje tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá pé, ọwọ́ ayédèrú ló lù ú. Garth ló ń sọ bẹ́ẹ̀ káàkiri.

Garth náà ní Òkè tirẹ̀. Inú gáréèjì tí òrùlé rẹ̀ sàn ju ti ilé ìdáná lọ ni mọ́tò náà ń sùn, Raelene ìyàwó rẹ̀ sì ti wí i wí i títí ó fi sú u. Tí Garth bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún àlejò, aṣọ rírọ̀ kan máa ń wà lórí ibi tí nọ́ńbà ara irin wà. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí. Ta ló fẹ́ ní kí póòpù wá fi hàn òun pé òun gba Ọlọ́run gbọ́?

Ìyá àgbà kan ló fi fóònù bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni ẹlẹ́nu tó máa ń bú mọ́tò àwọn èèyàn?"

"Èmi ni Garth Trezise."

"Ẹni tí mo wí náà nìyẹn. Inglewood ni mo wà. Ọkọ mi ti kú, ó fi mọ́tò kan sílẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀dì. Ó ní Òkè ni. Wá bá mi wò ó."

"Ṣé ẹ fẹ́ tà á ni, Mísíìsì?"

"Ta ló dárúkọ títà? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá irọ́ ló pa fún mi."

Joyleen Hocking lorúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìgbà èwe rẹ̀, àwọn tó ń rẹ́ irun àgùntàn ló ń dáná fún láti oko dé oko, apá rẹ̀ ṣì ki bí apá ọkùnrin. Nígbà tí Garth kí i ní "Mísíìsì Hocking", ó fọwọ́ gbá ìkíni náà dànù.

"Ìyá ọkọ mi lò ń kí yẹn, ó sì ti kú. Joyleen ni mò ń jẹ́. Yẹra fún adìyẹ yẹn, oníwàhálà ni. Beverley lorúkọ ẹ̀. Orúkọ àwọn obìnrin tí Reg ọkọ mi bá lò kí n tó dé ni mo fi sọ gbogbo wọn."

Adìyẹ pọ̀ lágbàlá náà.

Inú mọ́tò gan-an ni àwọn adìyẹ ń yé sí. Ìjókòó ẹ̀yìn ti di ìtẹ́. Joyleen lé wọn jáde, ó kó ẹyin sínú fìlà Reg tó wà lórí ìṣó, ó wá fara ti ògiri.

"Reg ń purọ́ bí ẹni ń mí ni," ó ní. "Ó ní òun ti fọwọ́ lásán mú ẹja yanyan rí. Ó ní irun orí òun ni irun tó wà lórí òun. Lálẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni mo rí i lórí tábìlì, mo fi bàtà lù ú, mo rò pé ẹranko ni."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Garth.

"Àmọ́ mọ́tò yìí, kò jẹ́ yí ọ̀rọ̀ padà lórí ẹ̀. Òkè ni, Òkè ni. Ilé ọtí wa ò gbà á gbọ́. 'Irọ́ Reg' ni wọ́n sọ mọ́tò náà. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀ ní ogójì ọdún. Lórí bẹ́ẹ̀dì tó kú sí, ó di ọwọ́ mi mú, ó tún ní, 'Joy, Òkè ni.' Mo ní, 'Reg, sinmi. Má pa irọ́ lọ bá Ọlọ́run.'"

Ó ń wo ẹyin inú fìlà náà.

"Ìyẹn ni mo bá a sọ kẹ́yìn. Ó sùn, kò jí mọ́."

Garth ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò retí nǹkan kan, ó ti ń rọ ọ̀rọ̀ òkìtì náà mọ́nu. Pátákó irin ò sí níbẹ̀, ihò ìṣó nìkan ló kù.

"Reg ní wọ́n jí ìyẹn nígbà tó gbé mọ́tò fún ọkùnrin kan ní Melbourne pé kó bá òun kùn ún," Joyleen ní.

"Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀," Garth ní.

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdọ̀tí àti ìgbẹ́ adìyẹ kúrò lára irin, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Èje méjì ló wà nínú nọ́ńbà náà. Méjèèjì gé lẹ́sẹ̀.

Ọkàn rẹ̀ fò sókè. Ayọ̀ gidi ni o, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Òkè tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó wà, nínú ṣẹ́ẹ̀dì adìyẹ! Ó ti ṣí ẹnu láti pariwo. Ìgbà náà ló ka nọ́ńbà náà látòkè délẹ̀.

Ó tún un kà.

Ó mọ nọ́ńbà náà ju ọjọ́ ìbí Raelene lọ. Nọ́ńbà tó wà lára Òkè tirẹ̀ ni, lórí pátákó irin tó ń dán gbinrin, àti lábẹ́ aṣọ rírọ̀ yẹn, níbi tí èje méjèèjì ti ní ẹsẹ̀ tó pé pérépéré. Ọjọ́ pẹ́ tó ti rí àwọn ẹsẹ̀ náà. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá wọ́n pààrọ̀ irin ìlu-nọ́ńbà lọ́sẹ̀ yẹn nílé iṣẹ́. Ó wá fi aṣọ bò ó, ó sì ń lọ kiri, ó ń wo èje àwọn ẹlòmíì.

Melbourne náà ló ti ra tirẹ̀, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kun mọ́tò. Ó wá yé e kedere. Pátákó Reg ni wọ́n jí, wọ́n kàn án mọ́ Brolga lásán, wọ́n lu nọ́ńbà kan náà mọ́ irin, Garth Trezise tó gbọ́n jù láyé sì fi ẹ̀rín sanwó.

"Ó dáa náà?" Joyleen béèrè.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí Garth ní ibí gan-an ni kí n ti dúró. Ó ní òun rí ọ̀nà méjì lójú òun bí ojú pópó. Ìpàtẹ ọdọọdún ìlú wa kù sí dẹ̀dẹ̀, mọ́tò rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé sẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ojú ìyá Vince. Ó rí dókítà eyín lórí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, tó ń fi ẹ̀rín pa ara ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rí ìyá àgbà kan tó di fìlà ẹyin mú. Ó ní ká má tan ara wa, òun rí i dáadáa.

"Kò sí pátákó," ó ní. "Ayédèrú ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pàápàá kò dáa."

Joyleen dúró. "Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan wà tí o máa ń sọ. Tó ń pani lẹ́rìn-ín."

"Kò sí."

"Ó dáa." Ó mi orí. "Èmi ni mo borí nìyẹn, àbí? Ogójì ọdún. Reg, ìwọ èké yìí!" Ó ta táyà ní ìpá kan. Kò rẹ́rìn-ín. "Wọlé wá mu tíì. Mo ṣe kéèkì fún ọ."

Garth jẹ kéèkì náà. Ó jẹ méjì.

Nígbà tó délé, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Raelene, irun orí tábìlì, Beverley, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, àfi ibi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà. Raelene rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó nu ojú. "Ó ṣe mí láàánú," ó ní. "Ì bá dáa ká ní ojúlówó ni." Garth ní oorun ń kun òun.

Kò pẹ́ tí Vince fi yà ní ṣọ́ọ̀bù Garth, ẹ̀rín ti gba ojú ẹ̀ tán.

"O mọ̀ pé èmi ni mò ń di gbohùngbohùn mú níbi ìje Kọlù-mí-kí-n-kọlù-ọ́ lọ́jọ́ ìpàtẹ? Gbà kí n sọ fún ọ ẹni tó fi orúkọ sílẹ̀. Ìyá kan láti Inglewood. Ó ní o ti sọ fún òun pé Brolga òun ò wúlò, pé òun á fi kọ lu àwọn èèyàn."

Ìje náà, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, mọ́tò tó ti gbó ni wọ́n ń kó sínú pápá, wọ́n á máa kọ lu ara wọn títí yóò fi ku ẹyọ kan tó ń rìn.

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Garth. "Ta ló fẹ́ bá a wà á?"

"Òun fúnra ẹ̀."

"Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún!"

"Mo ti wo òfin wa. Kò síbi tí wọ́n ti ní ìyá àgbà ò gbọdọ̀ ya wèrè." Vince wò ó. "Kí ló ń ṣe ọ́? Ojú ẹ ti funfun."

"Páì tí mo jẹ ni."

Garth sáré lọ sí Inglewood. Ó bá Joyleen níbi tó ti ń fi òòlù fọ́ gíláàsì iwájú mọ́tò náà, àwọn adìyẹ tò, wọ́n ń wòran. Ohùn gíláàsì náà wọ Garth léegun.

"Joyleen, ẹ dúró! Màá rà á lọ́wọ́ yín."

"Kí lo fẹ́ fi ayédèrú ṣe?"

"Ẹ́ńjìnnì rẹ̀..."

"O ní ẹ́ńjìnnì kò dáa."

"Kò burú tó bẹ́ẹ̀. Àti... àti ìjókòó. Ìjókòó rẹ̀ dáa."

Joyleen yọ ojú sí ìjókòó, ó yíjú sí Garth. "Ọ̀gbẹ́ni, Beverley ti ń yàgbẹ́ sórí ìjókòó yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti pa á lẹ́yin. Ṣé orí ẹ pé?"

Garth lanu. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó ní òun ń tọ́ ọ wò bí oògùn kíkorò. Kò tu ú jáde.

"Mi ò tà á," Joyleen ní, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Má bínú, o ṣèèyàn. Àmọ́ látìgbà tí Reg ti kú ló ti ń wù mí kí n kọ lu nǹkan, mi ò sì rí nǹkan tí mo lè kọ lù. O ti bá mi rí i. O ṣeun."

Ó tún gbé òòlù.

Ọjọ́ ìpàtẹ dé. Oòrùn mú, eṣinṣin ò jẹ́ kéèyàn gbádùn, òórùn àgùntàn àti sọ́sééjì díndín gba gbogbo pápá. Wọ́n ti fi okùn yí Òkè Garth ká lẹ́nu ọ̀nà, àwọn èèyàn ń bá a ya fọ́tò. Garth kò dúró tì í. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Raelene lórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí pápá ìje, kò jẹ, kò mu.

Vince gbé gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi kí Joyleen Hocking láti Inglewood! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin awakọ̀ yòókù, ìyá yín ni. Ẹ má bá a ṣe jẹ́jẹ́."

Mọ́tò náà yọ. Wọ́n ti fi ẹfun kọ IRỌ́ REG gàdàgbà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Joyleen wà nínú rẹ̀, akoto Reg lórí, ó ń juwọ́ bí ayaba. Ó tẹ ẹ́ńjìnnì. Ohùn kan jáde níbẹ̀ tó mú kí àwọn àgbà ọkùnrin tó ń mu bíà dákẹ́, kí wọ́n sì wo ara wọn lójú.

Garth dìde, ó tún jókòó.

"Kí ló ń ṣe ọ́ látàárọ̀?" Raelene béèrè, páì lọ́wọ́.

"Ojúlówó ni."

"Kí ni ojúlówó?"

"Mọ́tò yẹn. Ojúlówó Òkè ni. Nọ́ńbà wa ló wà lára ẹ̀, Raelene. Tiwa ni ayédèrú. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo lọ."

Raelene kì í pariwo. Tí inú bá ń bí i, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀. "O jókòó nídìí tábìlì mi, ò ń sọ ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn bá ọkọ ẹ̀ sọ kẹ́yìn fún mi. O jẹ́ kí n sunkún. O sì mọ̀."

"Mo mọ̀."

Vince ju àsíá sílẹ̀. Mọ́tò Joyleen fi ẹ̀yìn sáré bí ìbọn, ó kọ lu mọ́tò pupa kan, búùtù méjèèjì rún. Èrò hó yèè.

"Kí lo wá ń sọ fún mi fún?" Raelene ní. "Ṣé èmi ni mò ń wà á ni?" Ó gbé ọwọ́ tó kún fún ọ̀rá páì, ó tì í láti ẹ̀yìn.

Garth fo ọgbà irin. Ṣòkòtò rẹ̀ ò fò ó pẹ̀lú rẹ̀ tán. Ó bọ́ sínú pápá, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń ké "Ẹ dúró!" láàárín mọ́tò mẹ́jọ tó ń bú ramúramù.

"Èèyàn kan ti wọ pápá o!" Vince kígbe. "Ó jọ... Garth Trezise ni! Garth, ìdí ẹ ti wà níta!"

Joyleen rí i. Ó rò pé ó wá kí òun kú iṣẹ́ ni. Ó juwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀, ó yí sitiárìn, ó tún kọ lu ẹlòmíì. Garth ké bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Àsíá pupa gòkè, gbogbo ẹ́ńjìnnì kú lọ́kọ̀ọ̀kan, Vince sì sọ̀kalẹ̀ wá bá a láàárín eruku, ó gbé gbohùngbohùn sí i lẹ́nu.

"Sọ ọ́ síbí."

"Mọ́tò yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ lù ú mọ́. Òkè ni."

"Ìwọ lo sọ pé kì í ṣe Òkè."

"Mo purọ́."

Ọ̀rọ̀ náà jáde láti gbogbo gbohùngbohùn tí wọ́n so káàkiri, ó dé ibi tí wọ́n ti ń díye lé àgùntàn, ó dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ojú Vince yí padà. Kò ṣeré mọ́. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Èje rẹ̀ gé lẹ́sẹ̀. Nọ́ńbà tó sì wà lára ẹ̀ ni nọ́ńbà tèmi."

"Dúró ná. Bí èyí bá jẹ́ Òkè, kí wá ni èyí tí wọ́n fi okùn yí ká lẹ́nu ọ̀nà?"

Láti ẹ̀yìn èrò ni ẹnì kan ti dá a lóhùn, "Òkìtì ni!" Pápá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Wọ́n ní dókítà eyín ni, àmọ́ dókítà eyín búra pé orí omi lòun wà lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ti fi ṣéènì so àwọn ilẹ̀kùn mọ́tò náà pa fún ìje, ojú fèrèsé ni Joyleen gbà jáde. "Kí ló dé? Ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá ni!"

Vince pa gbohùngbohùn, ó sọ ọ́ fún un jẹ́jẹ́.

Joyleen bọ́ akoto kúrò lórí. "Reg ò purọ́?"

"Kò purọ́," Garth ní.

"O mọ̀. Lọ́jọ́ tí o wá. Nígbà tí mo ń gé kéèkì fún ọ, o mọ̀."

"Mo mọ̀."

"O jẹ méjì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó sọ akoto náà lù ú. Orúnkún ló bá, Garth kò yẹ̀ ẹ́. Joyleen bá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò náà nínú eruku, ó tutọ́ sí apá ẹ̀wù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹfun kúrò lára irin. Ó nu ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ títí ó fi pa rẹ́. Nígbà tó dé èkejì, ó dáwọ́ dúró. REG nìkan ló kù níbẹ̀. Ó gbé orí lé e.

Mo wà lórí bẹ́ǹṣì kẹta lọ́jọ́ náà. Mi ò rí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Vince ló yẹ mọ́tò Garth wò níwájú gbogbo ẹgbẹ́ àwa tó fẹ́ràn Brolga. Ó fi ìka méjì gbé aṣọ rírọ̀ náà bí ẹni gbé eku tó kú. "Ẹ wo èje yìí," ó ní. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ pé débi pé ó kù díẹ̀ kó wọ bàtà." Garth dúró síbẹ̀, ó gbà á sára. Àwọn tí Garth ti bú rí ń tò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú ń sọ tirẹ̀. Ìyá Vince pè láti Mildura, ó ní kí wọ́n gbé fóònù sí Garth létí. A ò mọ ohun tó sọ. Èdè Ítálì ni, ó sì pẹ́.

Ẹgbẹ́ ní kí Garth má yẹ mọ́tò ẹnikẹ́ni wò mọ́. Raelene kò lé e jáde. Ó kàn ní kí wọ́n tú òrùlé gáréèjì yẹn, kí wọ́n fi kan ilé ìdáná òun, Garth fúnra rẹ̀ ló sì gun àkàbà. Ọjọ́ púpọ̀ kọjá kí Raelene tó bá a sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe nípa òrùlé.

Garth bi mí pé kí ni mo máa sọ fún yín pé òun kọ́. Mo ní kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ronú. Ó ní, "Sọ fún wọn pé mo ti mọ̀ nípa tèmi tipẹ́ kí n tó dé Inglewood. Ìyẹn ni mo ṣe ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ lórí tàwọn ẹlòmíì." Ó tún ronú. "Kí o sì sọ fún wọn pé kéèkì náà dùn. Ìyẹn ló burú jù."

Ohun kan ló kù. Pátákó irin tó wà lára mọ́tò Garth, ojúlówó ni. Ti Reg ni. Garth tú u, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e lọ sí Inglewood. Ó rò pé Joyleen á gbà á lẹ́nu géètì, á sì lé òun lọ.

Joyleen wo pátákó náà tìtì. "Kàn án mọ́ ọn," ó ní. "Ìwọ ni kí o kàn án."

Garth kàn án, Beverley ń sọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti fi gíláàsì tuntun sí mọ́tò náà, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì rún. Joyleen ò jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, ó ní ọjọ́ tóun gbádùn jù lọ́dún yẹn ló wà níbẹ̀. Nígbà tí Garth ṣe tán, Joyleen ṣí ilẹ̀kùn kejì. "Wọlé."

Itẹ́ òkú ìlú ló wà á lọ. Ó dúró síwájú ibojì Reg, ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn méjèèjì sọ̀kalẹ̀.

"Sọ fún un," Joyleen ní.

Garth bọ́ fìlà. "Ọ̀gbẹ́ni Hocking," ó ní, "òótọ́ lẹ sọ. Èmi ni mo purọ́."

"Sọ ọ́ sókè. Etí òsì rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa."

Garth fa èémí, ó pariwo rẹ̀. Àwọn ayékòótọ́ tó bà sórí igi fò dìde, wọ́n bá a ké.

Joyleen dúró kí wọ́n lọ tán. Ó ń wo òkúta náà, ó ń tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ wọlé kí àlejò.

"Ó ku tèmi báyìí," ó ní. "Lọ jókòó sínú mọ́tò."

Garth lọ. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì yí fèrèsé sókè kí ó má baà gbọ́.